Ilé Ẹyẹ Tí Kì Í Ṣe Ilé Ẹyẹ

Ní agboolé àwọn ìyá Adépéjú ní Ìkìrun, àna ló ń gbẹ́ sàréè. Kì í ṣe pé àna ń háyà ẹni tí yóò gbẹ́ ẹ o. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò bọ́ agbádá, tí yóò di ọkọ́ mú, tí àwọn ìyàwó ilé yóò sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí òógùn yóò fi bo ojú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ bóyá ẹkún ló ń sun. Wọ́n ti sọ èyí fún Lékè kí ó tó fẹ́ Adépéjú, tí gbogbo ayé ń pè ní Péjú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí wàhálà. Ọkùnrin tó ń wá ìyàwó, bí wọ́n bá ní kó gbẹ́ òkun, á kàn bi wọ́n pé ibo ni kí òun da omi rẹ̀ sí.

Ta ló wá mọ̀ pé Toronto ni Màmá, ìyá Péjú, yóò kú sí, láàárín òtútù tí imú èèyàn fi ń dì? Ta ló sì mọ̀ pé kí Màmá tó kú, yóò ti fòfin de sàréè pátápátá?

"Inú ilẹ̀ ibí?" Màmá sọ ọ́ lórí àga gígùn nínú pálọ̀ Péjú àti Lékè ní Rexdale, bùláńkẹ́ẹ̀tì ti bò ó dé àgbọ̀n. "Kí ẹ gbé mi sínú firísà? Ẹja Títọ́ọ̀sì ni mí?"

"Mummy, a máa gbé yín lọ sílé," ni Péjú sọ, omi ti kún ojú rẹ̀.

"Nínú pósí? Kí wọ́n jù mí sí ìsàlẹ̀ báàlù pẹ̀lú ẹrù àwọn èèyàn? Rárá o. Ẹ sun mí. Ẹ kó mi sínú ohun tó mọ níwọ̀n, kí o gbé mi lé ẹsẹ̀, kí n jókòó sókè níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ."

Péjú bú sẹ́kún. Lékè fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sunkún, ó sì fi ikọ́ bo méjèèjì mọ́lẹ̀. Ni Màmá bá kọjú sí i.

"Ìwọ àna mi. O rò pé o ti bọ́, àbí? Ilẹ̀ ò sí fún ọ láti gbẹ́ mọ́, àbí? Ìwọ lo máa kan àpótí náà. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà o. Ọwọ́ ẹ yìí ni." Ó mú ọwọ́ Lékè, ó yí i padà, ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó fẹ́ ra iṣu. "Wò ó! Ọwọ́ bíi búrẹ́dì. Ẹni tó ń bẹ ẹlòmíì kó wá bá òun kó yìnyín ẹnu ọ̀nà òun. Lékè, ṣe nǹkan kan fún mi kí n tó gbàgbé ojú ẹ."

Òótọ́ ni. Ọ́fíìsì kan ní Oakville ni Lékè ti ń ṣiṣẹ́, níwájú kọ̀ǹpútà. Ohun tó wúwo jù tó ń gbé lójúmọ́ ni kọ́fí.

"A máa ṣe é, Mummy," ni Lékè sọ. "Ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n tí ó ń bi í yìí ni gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Newmarket, nítorí ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Newmarket ló ń gbé. Òun nìkan ló kù nínú àwọn tí Màmá bá wáyé, òun sì ni olórí ẹbí. Ohun tí kò bá fọwọ́ sí, ní Ìkìrun, kò tíì ṣẹlẹ̀. Bí ó bá yọwọ́ lọ́rọ̀ yìí, Péjú á kàn gbé ìyá rẹ̀ dé ojúde, ẹnikẹ́ni ò ní ṣílẹ̀kùn fún wọn.

"Ẹ má sọ fún un kó tó parí," ni Màmá dáhùn. "Bí ẹ bá sọ fún un ṣáájú, á fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, á fi ààwẹ̀ parí ẹ̀, mi ò sì ní lè kú ní ìrọ̀rùn. Mo mọ ohun tí mò ń sọ."

Màmá sì kú ní ìrọ̀rùn. Àwọn tó ṣẹ́ kù ni ara ò rọ̀. Wọ́n sun Màmá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Péjú àti Lékè nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó jí nǹkan. Nígbà tí Bàbá Newmarket pè, Lékè ní ìwé tí wọ́n máa fi gbé òkú lọ sílé ni wọ́n ṣì ń ṣe. Ó pè lọ́jọ́ kejì, Péjú ní ìwé. Ó pè lọ́jọ́ kẹta, ó ní òun ti ní kí wọ́n ro ẹ̀gbẹ́ sàréè bàbá wọn ní Ìkìrun. Lékè ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ dúró sínú balùwẹ̀ láìṣe ohunkóhun níbẹ̀.

Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ yìí, yàtọ̀ sí tọkọtaya náà, kò ju ẹnì kan lọ: Sàlísù, ọ̀rẹ́ Lékè, tó ń kan kábíńẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná ní Bramalea. Sàlísù fi ọkọ̀ kó irinṣẹ́ wá. Ó kó wọn sílẹ̀ nínú gáréèjì, ó sì sáré jáde bí ẹni tí iná ń lé.

"Lékè, ẹ̀sìn wa ò gba kí wọ́n máa sun òkú o. Èmi ò ní fọwọ́ kan pákó yẹn."

"Mo mọ̀. Ìwọ ṣáà kọ́ mi."

"Ṣùgbọ́n ayùn mi ò ṣe àlùwàlá rí láyé ẹ̀. Lò ó bó o ṣe fẹ́."

Bí Sàlísù ṣe kọ́ ọ nìyí: ó dúró síta nínú yìnyín, ó kọ ẹ̀yìn sí gáréèjì, ó ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù, etí ló fi ń ṣiṣẹ́. "Ohùn yẹn ò dáa! O ń tẹ̀ ẹ́ jù! Fi í sílẹ̀ kó jẹun fúnra ẹ̀! Lékè, pákó ni, kì í ṣe ọ̀tá ẹ!" Àwọn ará àdúgbò ń kọjá, wọ́n ń rí ọkùnrin kan tó ń bá yìnyín jà. Wọ́n kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì fa ọmọ wọn mọ́ra.

Àpótí àkọ́kọ́, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń lọ sí ọ̀nà tirẹ̀, bí ọmọ olórogún lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín ogún. Ìkejì, Sàlísù gbàgbé ara rẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn. "Àsítàgàfúrúláì!" ló pariwo, kì í sì í ṣe nítorí ẹ̀sìn.

Lékè ti lọ sí ilé ìsìnkú tí eérú Màmá wà láti béèrè bí ó ṣe yẹ kí inú àpótí tóbi tó. Obìnrin òyìnbó tó wà níbẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì júwe rẹ̀ fún un. Kò tó kóńgò gàrí méjì. Màmá tó fi ohùn lásán lé olè kúrò nínú ọgbà rẹ̀, kóńgò méjì kò kún! Ohun tó sì kọ́kọ́ sọ sí Lékè lọ́kàn, kí ó tó lè dá a dúró, ni pé pákó tí òun máa gé kò ní pọ̀. Ara tù ú pẹ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú tì í, ó tì í débi pé kò lè ṣíná ọkọ̀. Ó jókòó síbẹ̀ títí gíláàsì fi fọ́jú.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ìkẹta dára. Pákó maple ló rà, igi tí wọ́n ya ewé rẹ̀ sójú àsíá orílẹ̀-èdè yìí. Bó bá ti bọ́ kóòtù iṣẹ́, gáréèjì ni. Ó rẹ́ ẹ, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó fi sáńpépà ha á títí ó fi jọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. Ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń ṣí, ó fi ìdè irin, ìyẹn ìṣó tí wọ́n ń lọ́ wọlé, dè é. Ọwọ́ búrẹ́dì bó, ó ro, ó le. Sàlísù gbọ́ bí sáńpépà ṣe ń dún láti ìta, ó sì dákẹ́. Ìyẹn ni ìyìn tó ga jù lọ tí Sàlísù ní.

Ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì ni. Lékè dúró ti tábìlì nínú gáréèjì, òun nìkan, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa àpótí náà lára, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Òróró nìkan ló kù kó fi kùn ún. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa lọ gbé Màmá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ fún Bàbá, pẹ̀lú àpótí níwájú rẹ̀, kó rí i pé wọn ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú àbúrò òun. Gbogbo ètò ti tò.

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ṣí.

"Ẹ ǹlẹ́ níbí o!"

Bàbá Newmarket! Kóòtù dúdú, fìlà, bàtà yìnyín, ọ̀pá. Àwọn ẹbí yìí kì í pe èèyàn kí wọ́n tó wá.

Lékè dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú lẹ́búlẹ́bú pákó. Nígbà tó dìde, ó dà bí ẹni tí wọ́n fà yọ nínú àpò èlùbọ́.

"Kí lò ń kàn?" ni Bàbá bi í.

Lékè wo àpótí, ó wo Bàbá. Bó bá ní àpótí góòlù ni, Bàbá á ní Péjú ń ra góòlù nígbà tí ìyá rẹ̀ wà ní mọ́ṣúárì. Bó bá ní àpótí Bíbélì ni, Bàbá á ní kó kan tòun náà. Lójú fèrèsé, ẹyẹ kékeré kan bà sórí yìnyín, ẹyẹ tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

"Ilé ẹyẹ ni, sà."

"Ilé ẹyẹ." Bàbá gbé àpótí sókè, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Ó dára o. Ó dára gan-an ni. Ibo ni ẹyẹ ń gbà wọlé?"

"Sà?"

"Ẹyẹ náà. Bó bá dé, ṣé á kan ilẹ̀kùn ni? Àbí ó ní kọ́kọ́rọ́?"

"Mi ò... mi ò tíì dé ibẹ̀, sà."

"Gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu igi yẹn fún mi."

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Dádì. Ẹ jẹ́ ká wọlé, Péjú ti ń..."

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ni hẹ́dímásítà? Ta ló kọ́ gbogbo ọmọ Ìkìrun ní iṣẹ́ ọwọ́?"

Ìgbálẹ̀ dídì àti ẹní híhun ni iṣẹ́ ọwọ́ tí Bàbá kọ́ wọn. Ẹ̀rọ oníná ò sí ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un? Lékè gbé ẹ̀rọ fún un. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e, pẹ̀lú ìtẹríba.

Ẹ wò ó, gbólóhùn kan péré ni ì bá dá ọ̀rọ̀ náà dúró. "Sà, ẹ dúró." Èdè méjì ni Lékè ti lè sọ ọ́. Ní Oakville, ó ń bá ọ̀gá rẹ̀ jiyàn títí ọ̀gá á fi lọ mu omi. Ṣùgbọ́n níwájú àgbà yìí, ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yẹn kò tíì dìde nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ bú ramúramù, àpótí ń gbọ̀n lórí tábìlì.

"Dì í mú dáadáa, kó má yẹ̀!"

Lékè dì í mú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í, bí ìyá ṣe ń di ọmọ mú fún nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́.

Ihò náà já. Ó rí rogodo, ó tóbi tó owó loonie, ẹyọ dọ́là kan ti Kánádà, àárín iwájú àpótí gan-an ni. Bàbá fẹ́ ẹ fùú.

"Ẹyẹ tó bá kó wọ ibí, ó ti di láńdílọ́ọ̀dù." Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Bọ́ládé ì bá fẹ́ràn èyí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, kì í jẹun tán. Ẹyẹ ló ń da ìyókù fún, wọ́n á sì nà án."

Bọ́ládé ni orúkọ Màmá. Lékè gbàdúrà kí ilẹ̀ lanu. Ilẹ̀ gáréèjì, kọnkéré ni.

Bàbá gbé àpótí sábẹ́ apá, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó wọlé. "Péjú! Wá wo nǹkan tí ọkọ ẹ kàn! Ilé ẹyẹ! Èmi ni mo dá ẹnu ọ̀nà ẹ̀ lu!"

Péjú yíjú kúrò nídìí ọbẹ̀. Ó wo àpótí. Ó wo ihò. Ó wá wo ọkọ rẹ̀.

"Ilé ẹyẹ," ló ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Lékè dáhùn, pẹ̀lú ohùn èkúté.

"Ẹyẹ wo?"

"Ẹyẹ... kékeré."

Péjú pa iná abẹ́ ọbẹ̀. Bí Péjú bá ń pariwo, kò séwu. Ìgbà tó bá paná ni kéèyàn wá ibi sá sí.

Bàbá ò rí nǹkan kan. Ó ti jókòó, ó gbé àpótí lé itan, ó ń fi ọwọ́ pa á lára. "Mo pe ilé láàárọ̀ yìí. Wọ́n ti ro ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ ẹ o, àna ń bọ̀. Lékè, wọ́n ti ra ọkọ́ tuntun dè ọ́! Àwọn ìyàwó ilé ti ń kọ orin tí wọ́n máa fi bú ẹ!"

Ó ń rẹ́rìn-ín. Péjú la ẹnu, ẹkún ló fẹ́ jáde. Lékè sì rí i pé bí ẹkún yẹn bá ṣáájú ọ̀rọ̀, òun ti jẹ́ kí ìyàwó òun ru ẹrù òun. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, lórí táìlì.

"Dádì, kì í ṣe ilé ẹyẹ."

"Kí ni?"

"Ilé Mummy ni."

"Mummy wo?" Ẹ̀rín ṣì wà lójú Bàbá. Ó wo Lékè, ó wo Péjú tó ti kúnlẹ̀, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí àpótí bí ẹni pé ó gbóná.

"Àwọn fúnra wọn ló ní ká sun àwọn," ni Péjú sọ. "Wọ́n ní ká má tíì sọ fún yín. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, Dádì. Ó ti parí."

Bàbá bọ́ fìlà rẹ̀.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun," ni Bàbá ní. "Mo pè yín, ẹ ní ìwé. Mo tún pè, ẹ ní ìwé. Láràárọ̀ ni mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ kí òtútù mọ́ṣúárì mú un jù."

Ó na ọ̀pá sí Lékè.

"Ìwọ." Lékè kò gbójú sókè. "Mo ní kí o dì í mú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O sì dì í mú."

"Mo dì í mú, sà."

"O mọ ohun tó jẹ́. O dì í mú, kí n lè fi ọwọ́ mi dá ilé àbúrò mi lu."

Lékè fi iwájú orí kan táìlì, ó sì fi í síbẹ̀. Kò sí ibòmíì tó yẹ ẹ́.

Bàbá gbé àpótí sórí tábìlì. Ó dìde, ó mú ọ̀pá, ó kọjú sí ibi tí bàtà rẹ̀ wà. Péjú fi eékún sáré, ó dí ẹnu ọ̀nà. "Dádì, ẹ gbá mi létí! Ẹ bú mi! Ẹ má kàn lọ báyìí. Tí ẹ bá lọ, ibo ni mo fẹ́ gbé Mummy dé?"

"Ta ló ní mò ń lọ?" ni Bàbá ké mọ́ ọn. "Bàtà ni mo fẹ́ wọ̀! Dìde níbẹ̀ jàre!"

Ṣùgbọ́n kò wọ bàtà. Ó jókòó lórí àpótí bàtà ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ó sọ fún mi," ló ní.

"Ta ni, sà?"

"Bọ́ládé. Ó pè mí ṣáájú Kérésì. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n sun òun. Mo ní bó bá dán an wò, kó má pe èmi ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Mo pa fóònù mọ́ ọn létí." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Kò pè mọ́. Èmi náà kò pè é, mo ní kó wá tọrọ àforíjì. Nígbà tó kú, mo sọ fún ara mi pé ó ti gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ìyẹn ni mo ṣe ń pe Ìkìrun lójoojúmọ́ pé kí wọ́n ro ilẹ̀, kí ó lè dà bí ẹni pé mi ò gbọ́ ọ rí."

Lékè gbé orí sókè. Láti òwúrọ̀, òun ló rò pé ìtìjú gbogbo ilé náà wà lórí òun nìkan. Ó wo àgbàlagbà tó jókòó sórí àpótí bàtà, ó tún tètè sọ ojú sílẹ̀, nítorí àwọn nǹkan kan wà tí àna kò gbọ́dọ̀ rí.

"Níbo ni wọ́n gbé e sí?" ni Bàbá bèèrè.

"Wọ́n ṣì wà nílé ìsìnkú, sà. Ọjọ́ Ajé la fẹ́ lọ gbé wọn. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, á bá mi wá pákó tó bá a mu, màá dí ihò náà, ẹ ò ní mọ̀ pé..."

"Àbúrò mi ò ní sùn sílé àjèjì di ọjọ́ Ajé nítorí ihò." Ó fa bàtà wọ̀. "Gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀."

Wọ́n lọ. Péjú tẹ ilé ìsìnkú láago lọ́nà, wọ́n ní àwọn ṣì wà níbẹ̀ di ọ̀sán. Obìnrin òyìnbó náà gbé Màmá jáde nínú ọ̀rá funfun tó nípọn. Ó rí ihò tó wà lára àpótí, ó la ẹnu láti béèrè, ó rí ojú Bàbá, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Lékè tú ìtẹ́lẹ̀ àpótí. Màmá wọlé ṣìkún, kò ṣẹ́ kù, kò pọ̀ jù. Bí ó ṣe ń dè é padà, ìdè irin kan bọ́ sílẹ̀, Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó ṣà á, ó nà án sí i.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni Bàbá jókòó sí, ó gbé àpótí lé itan. Ó fi àtàǹpàkò lé ihò náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ débi pé èékánná rẹ̀ funfun.

"Dádì, bẹ́líìtì yín," ni Lékè sọ.

"Mi ò lè mú un."

Lékè sọ̀kalẹ̀, ó yípo ọkọ̀ nínú afẹ́fẹ́ tútù, ó tẹ̀ba kọjá lórí àpótí, ó fi bẹ́líìtì de Bàbá. Ojú wọn súnmọ́ra gan-an. Kò sí èyí tó wo èkejì.

"Rọra wà á," ni Bàbá ní.

Lékè rọra wà á. Lórí ọ̀nà márosẹ̀ 401, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń fọn fèrè mọ́ wọn, wọ́n ń yà wọ́n sílẹ̀, wọ́n ń bú wọn láti ojú fèrèsé. Lékè ò yára. Péjú ń wo ẹ̀yìn nínú dígí, títí kò lè fara dà á mọ́.

"Dádì, inú ọ̀rá ni wọ́n wà. Wọ́n ti lẹ ẹnu ẹ̀ pa. Nǹkan kan ò lè jáde."

"Mo mọ̀," ni Bàbá dáhùn.

Kò gbé àtàǹpàkò kúrò.